Mo rí òdòdó kan tí kò léwé rárá nínú igbó Chilterns. Ṣé òun ni wọ́n ń pè ní ghost orchid?

Ìyá_Kẹ́hìndé
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó níbí, ní High Wycombe. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí oorun ò tètè gbé mi, igbó ni mo máa ń rìn lọ. Láàárọ̀ òní, òkúta wọ bàtà mi. Mo yà kúrò lójú ọ̀nà, mo fọwọ́ ti igi beech kan kí n lè gbọ̀n ọ́n dànù. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí ni mo rí nǹkan kan tó nà ró ṣánṣán láàárín ewé gbígbẹ. Kò léwé. Láti ìdí dé orí, kò sí àwọ̀ ewé lára rẹ̀. Àwọ̀ oyin tó ti pẹ́ nínú ìgò ló ní. Ó ga tó bírò méjì tí a tò léra, òdòdó wẹ́wẹ́ sì kún orí rẹ̀ fọ́fọ́. Mo rò pé ó ti kú ni. Mo fi ìka kàn án, ó tutù, ó le, ó wà láàyè.

Mo délé, mo wá a lórí Google. Wọ́n ní òdòdó kan wà nílẹ̀ yìí tí kò léwé, ghost orchid ni wọ́n ń pè é, abẹ́ igi beech ló ń gbé, Chilterns yìí gan-an ló ti máa ń yọ tẹ́lẹ̀, àti pé ní 2005 wọ́n kéde pé ó ti run pátápátá ní Britain. Orí mi wú. Àbí èmi ni Ọlọ́run fi hàn? Fọ́tò mẹ́ta wà nísàlẹ̀. Inú igbó [mo ti yọ orúkọ rẹ̀, ẹ wo ìdáhùn tó tẹ̀ lé e] ni.

Àgbẹ̀_Òkè
Ìyá Kẹ́hìndé, ẹ kú iṣẹ́ òru ma. Kí a tó sọ ohunkóhun, ẹ dákun, ẹ yọ orúkọ igbó yẹn. Ẹ yọ fọ́tò kejì náà, ìyẹn tí òpó ìtọ́ka ọ̀nà hàn lẹ́yìn rẹ̀. Mò ń bọ̀ wá ṣàlàyé.

Ìyá_Kẹ́hìndé
Mo ti yọ wọ́n o. Kí ni mo ṣe? Ẹ ti já mi láyà.

Àgbẹ̀_Òkè
Ẹ ò ṣẹ̀ rárá ma. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bu omi tútù sí ayọ̀ yín díẹ̀: kì í ṣe òun. Bird's-nest orchid lẹ rí. Òun náà ò léwé, òun náà ò ní àwọ̀ ewé, abẹ́ beech kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣì í mú. Ṣùgbọ́n ẹ ní òdòdó kún orí rẹ̀ fọ́fọ́. Ghost orchid kì í ní ju ẹyọ kan sí bíi mẹ́rin lọ, wọ́n á sì rọ̀ dẹ̀dẹ̀ bíi yẹtí, kò ní kún bẹ́ẹ̀ láéláé. Àwọ̀ rẹ̀ fúnfun ràkọ̀ràkọ̀ pẹ̀lú ìpọ́n díẹ̀, kì í ṣe àwọ̀ oyin. Ètè òdòdó náà, tó máa ń wà nísàlẹ̀ lára àwọn orchid (ọ́kíìdì) tó kù, òkè ló kọjú sí lára tiẹ̀, bí ẹni tó dojú dé. Kì í sì í ga. Ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n rí ní 2009 kò ju nǹkan bí ìka ọwọ́ lọ.

Àkókò náà tún jẹ́ ẹ̀rí. Tiyín ti yọ ní oṣù kẹfà, ìyẹn sì bá bird's-nest mu. Ghost orchid sábà máa ń dúró di ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọn bá ti ń parí lọ, nígbà mìíràn ó máa di oṣù kẹsàn-án. Àwọn ọdún mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò ní jáde rárá. Á wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, á máa jẹun, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

Ṣàngótóyè_Dagenham
Ẹ jẹ́ kó yé mi. Kò léwé, kò ṣiṣẹ́, inú ilé ló ń wà lọ́dún yípo, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló ti ń jẹun. Ẹ̀yin èèyàn yìí, àbúrò ìyàwó mi lẹ ń ṣàpèjúwe.

Ó dáa, ẹ̀fẹ̀ ni o. Ṣé àfòmọ́ ni? Nílé, wọ́n ní àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan.

Bàbá_Bótánì_Ìbàdàn
Ọmọ mi, rárá, kì í ṣe àfòmọ́. Àfòmọ́ tí o mọ̀ lórí igi kòkó àti obì, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ó ń fi oòrùn se oúnjẹ ara rẹ̀, omi àti iyọ̀ ilẹ̀ ló ń fà lára igi. Eléyìí ò lè se oúnjẹ rárá, nítorí ohun tó ń sọ ewé di tútù, tó sì ń fi oòrùn ṣe ṣúgà, kò sí lára rẹ̀. Kì í sì í ṣe igi ló dì mọ́. Ọ̀dọ̀ olú ló ti ń jẹun.

O mọ olú tó ń hù lẹ́yìn òjò. Ohun tí a ń ká sínú agbọ̀n, èso rẹ̀ lásán ni. Olú fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀, fọ́nrán fọ́nrán bí òwú aláǹtakùn. Àwọn olú kan fi fọ́nrán yìí wé orí gbòǹgbò beech. Wọ́n ń bá a fa omi àti iyọ̀ inú ilẹ̀, beech sì ń fún wọn ní ṣúgà. Ọjà ni wọ́n ń ná. Ghost orchid ló wá dá sí ọjà yẹn, ó na ọwọ́ sínú igbá olú, ó ń bù jẹ, kò sì sanwó. Nítorí náà, bí o bá gé beech yẹn, o ti pa ọ́kíìdì tó wà lábẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ ò kan òdòdó rẹ̀ rí.

Ẹ tún wo hóró àgbàdo: oúnjẹ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, tó o bá gbìn ín, yóò máa jẹ ẹ́ títí ewé rẹ̀ á fi yọ. Hóró ọ́kíìdì kò ní oúnjẹ kankan. Ó kéré bí eruku, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Bí kò bá bọ́ sórí ilẹ̀ tí olú tó bá a mu wà, ó parí síbẹ̀. Gbogbo ọ́kíìdì ayé ló ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, títí kan fanílà tí ẹ ń bù sínú kéèkì. Ọ̀pọ̀ wọn á yọ ewé tó bá yá, wọ́n á máa bọ́ ara wọn. Ghost orchid ló kọ̀ tí kò dàgbà.

Ṣàngótóyè_Dagenham
"Ó kọ̀ tí kò dàgbà." Bàbá, ẹ tún ti bú àbúrò ìyàwó mi o.

Àgbẹ̀_Òkè
Mo ṣèlérí àlàyé. Ọdún 1854 ni wọ́n kọ́kọ́ rí ghost orchid ní Britain, ní Herefordshire. Láti ìgbà náà, ó ń yọjú, ó ń pòórá. Láti 1953 ó wá jáde ní igbó beech Chilterns fún bí ọgbọ̀n ọdún, díẹ̀díẹ̀, títí di 1987. Ó wá dákẹ́. Ní 2005 wọ́n kọ ọ́ mọ́ àwọn tó ti run.

Ọkùnrin kan, Mark Jannink, kò gbà. Ó jókòó ti àkọsílẹ̀ àtijọ́, ó yan àwọn ibi tó rò pé ó lè ti yọ, ó ń yí wọn ká ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2009. Ní oṣù kẹsàn-án ló rí ẹyọ kan ní Herefordshire. Ẹyọ kan, ẹ̀yin ará! Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá, kò sẹ́ni tó tún rí i, àfi ní 2024 tí Richard Bate rí òmíràn. Wọn ò sọ igbó tó ti rí i fún aráyé títí dòní.

Ohun tí mo fi ní kí ẹ yọ orúkọ igbó nìyẹn. Mo mọ̀ pé bird's-nest kò ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti kọ "ghost orchid" sí àkọlé yín. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ yẹn kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní dúró ka ìdáhùn mi. Ó máa wọkọ̀ ni. Ó máa gbé kámẹ́rà, ó máa dùbúlẹ̀ gbalaja kó lè ya òdòdó tó ga bí ìka, àwọn kékeré tó wà lábẹ́ ewé gbígbẹ nítòsí ibẹ̀, tí wọn ò tíì yọrí, igbá àyà rẹ̀ ló máa tẹ̀ wọ́n pa.

Àbẹ̀kẹ́_Skipton
Òótọ́ ni bùrọ̀dá Àgbẹ̀ ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀dọ̀ wa ní Yorkshire, ìyẹn lady's slipper, bàtà ìyáàfin. Ẹ fojú inú wò ó: bàtà aláwọ̀ ìyeyè tó wú bọ̀ǹbọ̀, tó tó àtàǹpàkò, pẹ̀lú rìbọ́ọ̀nù mẹ́rin aláwọ̀ obì tó lọ́ yí i ká. Ẹwà rẹ̀ ló pa á. Ní 1629 ni John Parkinson, onímọ̀ ewéko kan, ti kọ ọ́ pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Thomasin Tunstall, tó ń gbé ní ìhà òkè Ingleborough, ń fi gbòǹgbò rẹ̀ ránṣẹ́ sóun ní London. Ìfẹ́ ni obìnrin yẹn fi ṣe é, mi ò bá a wí. Nígbà tó yá, wọ́n ń dì í ní ìdì ìdì tà lọ́jà Settle. Olówó ń wú u sí ọgbà, akẹ́kọ̀ọ́ ewéko ń tẹ̀ ẹ́ gbẹ sínú ìwé. Ní 1917, wọ́n ní kò sí mọ́.

Ahunṣọ kan tó ń jẹ́ Jarman, ará Silsden tí kò jìnnà síbi tí mo ń gbé yìí, ló tún rí i ní 1930. Ìdí kan ṣoṣo péré ló kù ní gbogbo Britain! Ó pa ẹnu mọ́, àwọn díẹ̀ tó sọ fún náà pa ẹnu mọ́. Láti 1970, ìgbìmọ̀ kan ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀ṣọ́ tì í nígbà òdòdó. Èèyàn gidi ni o, tó ń sùn sínú àgọ́ nítorí òdòdó kan.

Ẹ̀ṣọ́ nìkan kò tó. Òdòdó yìí ń lo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ láti bímọ. Kòkòrò oyin kékeré kan á rò pé oúnjẹ wà nínú bàtà, á wọlé. Etí bàtà ká sínú, ara rẹ̀ ń yọ̀, kò lè gba ibi tó wọlé jáde. Ẹ̀yìn nìkan ni ihò tóóró wà, ibẹ̀ ló máa fún ara rẹ̀ gbà, bó sì ṣe ń fún ara ni lẹ́búlẹ́bú òdòdó máa lẹ̀ mọ́ ọn léjìká. Oúnjẹ kankan ò sí níbẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí ìdí kan ṣoṣo bá kù, ta ni oyin yẹn máa gbé e lọ bá? Èèyàn ló wá ń fọwọ́ ṣe iṣẹ́ oyin.

Láti 1983, àwọn ará Kew, ọgbà ewéko ńlá tó wà ní London, gba hóró rẹ̀ lọ sí láàbù, wọ́n ń wá bí yóò ṣe hù nínú ìgò láìsí olú. Ó ṣòro gan-an. Ẹ máa rẹ́rìn-ín: ará Sweden kan, Svante Malmgren, tó ń hu ọ́kíìdì ilẹ̀ Yúróòpù nínú ìgò, omi ọ̀pẹ̀yìnbó wà lára ohun tó ń pò fún wọn. Ní 1989 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin àwọn ọmọ láàbù padà sínú igbó. Ní 2000 ni ọ̀kan tó tanná. Ọdún mọ́kànlá! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n gbìn ín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdírì.

Ṣàngótóyè_Dagenham
Omi ọ̀pẹ̀yìnbó. Ẹ̀ṣọ́. Àgọ́. Òdòdó yìí ń jayé jù mí lọ.

Súnmọ́nù_München
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, ẹ kú àlàyé. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí yìí o. Bàtà ìyáàfin kan náà, mo fi ojú ara mi rí i ní Martinau, ní àfonífojì odò Lech ní Tirol, ilẹ̀ Austria. Kì í ṣe ìdí kan, kì í ṣe ogún. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni! Abẹ́ igi páìnì, lórí òkúta wẹ́wẹ́ etí odò. Àkọlé wà lójú títì tó júwe ibẹ̀. Wọ́n la ọ̀nà tóóró fún èèyàn láti rìn, àwọn ẹ̀ṣọ́ òkè ń rìn káàkiri nígbà tó bá tanná. Àwọn arúgbó bá igi ìtìlẹ̀ wá, àwọn ọmọdé bá ìyá wọn wá. Ọmọ kékeré kan tẹsẹ̀ kan bọ inú koríko báyìí, ẹ̀ṣọ́ kan sọ̀rọ̀ sí i, kò jágbe o, ọmọ náà fa ẹsẹ̀ padà. Mo dúró níbẹ̀ fún wákàtí méjì, mi ò rí ẹni tó já ẹyọ kan.

Bí ẹ bá fi í pamọ́ fún gbogbo èèyàn, ta ló máa jà fún un lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ la títì gba ibẹ̀?

Àgbẹ̀_Òkè
Bùrọ̀dá Súnmọ́nù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ pè é. Bí ogún bá kú nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó dunni, ọ̀rọ̀ ò tíì parí. Ti Yorkshire, ẹyọ kan ni. Kódà lẹ́yìn tí wọ́n gbin àwọn mìíràn, olè ṣì gé lára èyí tó wà ní Lancashire, débi pé ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú síbẹ̀. Ọlọ́pàá, nítorí òdòdó.

Ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú yín níbì kan. Ìyá Kẹ́hìndé, eléyìí sún mọ́ yín. Ní 1947, J. E. Lousley, onímọ̀ ewéko kan, jáde lọ jẹun nínú igbó ní Buckinghamshire, ìgbafẹ́ ló pè é. Ibẹ̀ ló ti bá military orchid pàdé, òdòdó ológun, tí gbogbo wọn ti gbà pé ó ti run. Ẹyọ òdòdó rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dà bí ọkùnrin kékeré tó dé àkẹtẹ̀ irin, tó na apá àti ẹsẹ̀, bọ́tìnnì pupa wà láyà rẹ̀. Lousley kọ̀, kò sọ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń wá a kiri. Lónìí ńkọ́? Homefield Wood ni, lẹ́bàá Marlow. Ibẹ̀ ti di igbó tí wọ́n ń dáàbò bò. Ẹ lè fẹsẹ̀ ara yín rìn lọ wò ó láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà. Wọ́n pa ẹnu mọ́ nígbà tó kéré, wọ́n ṣílẹ̀kùn nígbà tó pọ̀ díẹ̀.

Bàbá_Bótánì_Ìbàdàn
Ẹ̀yin méjèèjì ń jà sí ilẹ̀kùn, òrùlé ń jò. Kì í ṣe olè nìkan ló ń pa nǹkan wọ̀nyí, mo sì lè sọ pé òun kọ́ ló ń pa èyí tó pọ̀ jù. Òdòdó ológun fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Bí igi kékeré bá hù bò ó, á máa wà lábẹ́ ibẹ̀ láìtanná títí á fi kú, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ mọ ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé àdá. Ghost orchid fẹ́ òdìkejì rẹ̀: òkùnkùn, ewé gbígbẹ tó nípọn, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tú. Lẹ́yìn ogun, wọ́n gé ọ̀pọ̀ igbó beech àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi igi páìnì rọ́pò. Ẹ gbé katakata wọ irú igbó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, fọ́nrán olú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti já. Ìgbín aláìníkarahun ń jẹ ẹ́, àgbọ̀nrín ń jẹ ẹ́. Àṣírí ò ní dá àgbọ̀nrín dúró.

Ìyá_Kẹ́hìndé
Ọ̀rọ̀ bàbá yìí rán mi létí nǹkan. Lọ́dún tó kọjá, etí títì tó wà lẹ́yìn ibi iṣẹ́ mi, bee orchid mẹ́fà, ìyẹn ọ́kíìdì tí òdòdó rẹ̀ dà bí kòkòrò oyin, yọ níbẹ̀. Mo kà wọ́n. Mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ń gé koríko pé kí wọ́n dákun fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kún un. Wọ́n dá mi lóhùn dáadáa, wọ́n ní wọ́n ti gbọ́. Ní ọjọ́ kejì ẹ̀rọ kọjá lórí wọn. Ẹni tó gba lẹ́tà kọ́ ló ń wa ẹ̀rọ.

Rẹ̀mílẹ́kún_Peckham
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Níbo lèèyàn ti lè rí bàtà ìyáàfin yìí rà? Ọgbà wà lẹ́yìn ilé mi.

Àbẹ̀kẹ́_Skipton
Àǹtí Rẹ̀mí, ìbéèrè gidi ni. Àwọn ọlọ́gbà ń ta irú rẹ̀ tí wọ́n hù nínú láàbù àti àwọn àdàlù rẹ̀, ìyẹn ò burú, ẹ ṣáà béèrè ibi tó ti wá. Èyí tó wà nínú igbó, ẹ má fọwọ́ kàn án. Òfin 1981 tó ń dáàbò bo ẹranko àti ewéko igbó ní Britain kò gbà kí ẹnikẹ́ni wú ewéko igbó láìgba àṣẹ onílẹ̀. Bàtà ìyáàfin àti ghost orchid wà lára àwọn tí kò yẹ kí èèyàn já òdòdó wọn pàápàá. Ẹ ó kàn pa á lásán ni, nítorí olú rẹ̀ kò ní bá yín wá sí Peckham. Tí ẹ bá fẹ́ fojú rí i, ẹ wá sí Kilnsey nígbà tí wọ́n bá ṣí ibẹ̀ lóṣù kẹfà, ẹ ó sùn lọ́dọ̀ mi. Mo ní ẹ̀fọ́ àti ṣàkì.

Rẹ̀mílẹ́kún_Peckham
Ṣàkì yẹn ló mú mi. Mò ń bọ̀.

Ìyá_Kẹ́hìndé
Ẹ̀yin ará, mo padà wá jábọ̀. Bùrọ̀dá Àgbẹ̀ ní kí n kọ̀wé sí ẹni tó ń ṣàkọsílẹ̀ ewéko fún àgbègbè wa, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ọjọ́ méjì ló fi dá mi lóhùn. Bird's-nest ni lóòótọ́. Ó ní ẹnìkan ti kọ ọ́ sílẹ̀ nínú igbó yẹn rí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́, wọn ò mọ̀ bóyá ó ṣì wà. Orúkọ mi ti wọ inú àkọsílẹ̀ báyìí, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo rí i. Ó ní tí n bá ń kọjá lóṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án, kí n máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí n wo abẹ́ ewé dáadáa, ó ní èèyàn ò lè mọ̀. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lánàá, mo padà lọ síbẹ̀. Mi ò kúrò lójú ọ̀nà lọ́tẹ̀ yìí, mo dúró síbẹ̀ mo nà lọ́rùn. Ọ̀pá gbígbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mi ò rí lọ́jọ́ yẹn, dúdú bíi kóró ìṣáná tó ti jó, àpò irúgbìn tó ti là ṣì wà lórí rẹ̀. Ti ọdún tó kọjá ni. Gbogbo ọdún tó kọjá yẹn, ojoojúmọ́ tí mo bá ti iṣẹ́ dé, ọ̀nà yẹn ni mò ń gbà.

Ṣàngótóyè_Dagenham
Ìyá Kẹ́hìndé, ẹ bá mi kí i o. Ẹ ní àna rẹ̀ ní Dagenham ní kí ó wá iṣẹ́ ṣe.